"Ṣeré" Ni Mo Kọ Sínú Ìwé Eku

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi ka èyí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti wà láyà mi láti ọdún tó kọjá. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ní Sátidé tó ń bọ̀, wọn yóò dá ẹrù ìdána ọmọkùnrin kan padà fún un, èmi ni mo sì fà á.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Abúlé Òkúta ni mò ń gbé. Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ń ṣe ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n fi ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tan ìtànṣán sí ọpọlọ àwọn akọ eku kan, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọn yóò ṣì máa gun abo. Bísí ní kí n bá òun ṣọ́ wọn, kí n máa kọ ohun tí mo bá rí. Òun ń ṣọ́ àwọn tí wọn kò tan ìtànṣán sí. Èmi ń ṣọ́ àwọn tí wọ́n tàn án sí.

Mo rí i, wọ́n ń gun abo. Kì í ṣe lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, n kò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ojú pátákó rí. Ọwọ́ mi kọ̀. "Wọ́n ṣeré" ni mo kọ. Mo rò pé ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá yóò mọ irú eré tí mò ń sọ.

Nígbà tí Bísí ka èsì rẹ̀ fún mi, ó ní àwọn eku tèmi kò gun abo rárá, wọ́n kàn ń ṣeré ni. Òun ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo ní ó yí i kí inú ọ̀gá rẹ̀ lè dùn. Mo ṣí ìwé náà kí n lè mú un. Ọwọ́ èmi gan-an ni mo bá níbẹ̀: wọ́n ṣeré, wọ́n tún ṣeré.

Mo pa á dé. Mo fi í pamọ́ fún Bísí.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Ìyá Ṣadé, aládùúgbò mi, ní Ṣómólú ni wọ́n ti di ìwé ìwádìí Bísí. Kúnlé tó fẹ́ fẹ́ Ṣadé ti gba ìtọ́jú ìtànṣán sí orí rí, nígbà tí kókó kan hù nínú ọpọlọ rẹ̀. Ara rẹ̀ ti dá. Ìyá Ṣadé ka ìwé náà kó tó lẹ èèpo rẹ̀, ó sáré wá bá mi.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ṣọ́ àwọn eku yìí. Ṣé lóòótọ́ ni wọn ò lè ṣe nǹkan kan?"

"Ìyá Ṣadé, eku kọ́ ni ènìyàn."

"Ẹ má kọ́ mi níwèé o. Eku tí ò nítìjú ò lè ṣe é, ti ẹni tó nítìjú wá ńkọ́? Ohun tí ẹ rí ni mò ń bi yín."

Mo ní, "Ohun tí mo rí ni mo kọ."

Láti ìgbà náà ni Ìyá Ṣadé ti ń ṣọ́ Kúnlé bí ìgbà tí èmi ń ṣọ́ eku. Bó bá rẹ́rìn-ín, ó ní ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Bó bá dákẹ́, ó ní ẹ ò rí i? Ó ti ní Ṣadé kò ní fẹ́ ẹ mọ́, kí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà. Èmi náà ń fura. Bísí kì í béèrè ìwé eku yẹn lọ́wọ́ mi mọ́. Ṣé ó ti mọ̀ ni? Kúnlé dọ̀bálẹ̀ kí mi lánàá, ó pẹ́ kó tó dìde. Ṣé òun náà mọ̀?

Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ Bísí. Bí n kò bá sọ ọ́, Sátidé kò jìnnà. N kò mọ̀ bóyá ìtànṣán ṣe Kúnlé ní ohunkóhun. Eku kankan kò lè sọ ìyẹn fún wa, dókítà rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n bi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ojú mi rí, mo lè kọ ọ́ báyìí, ẹ wò ó: akọ eku gun abo.

Ẹ dárí jì mí. Ìwé eku náà wà lórí tábìlì níwájú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ gbé e lọ?