Ọ̀nà Tí Ìtọ̀ Ń Gbà

Nínú takisí tó ń ti Fájuyì lọ sí Ìyìn ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá kan tó ń dá rẹ́rìn-ín, àti ti bàbá tó jókòó tì í.

“Màmá, ayọ̀ yìí mà pọ̀ o,” bàbá náà wí.

“Ẹ bá mi yọ̀! Wọ́n ti yọ rọ́bà inú mi lónìí. Nígbà tí dókítà fọ́ òkúta inú kíndìnrín mi ló fi síbẹ̀, kí ọ̀nà má bàa wú dí, kí ìtọ̀ lè máa ráyè kọjá. Áà, rọ́bà yẹn fojú mi rí nǹkan! Bí mo bá tọ̀ tán, ìtọ̀ á tún máa gbọ̀n mí. Lónìí, n ó sùn dọ́la ní ulé mi!”

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Tèmi ṣì wà nínú mi. Wọ́n ní kí n wá yọ ọ́, mi ò lọ. Mi ò fẹ́ rí ọ̀bẹ mọ́.”

“Ọ̀bẹ wo? Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà náà ni wọ́n gbà yọ ọ́. Ó kàn ṣe fìrí, ó ti jáde!”

“Fìrí?”

“Fìrí báyìí! Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o. Dókítà ní bó bá pẹ́ jù, òkúta tuntun á tún lẹ̀ mọ́ ọn lára.”

Ni ẹ̀rín bá bú jáde lẹ́nu bàbá. “Fìrí lásán ni mo ti ń sá fún látọjọ́ yìí! Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró fún mi.”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sọdá títì, ó ń nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà ọsibítù. Gbogbo wa nínú takisí pàtẹ́wọ́ fún un.