Pátílì

Mo ń retí kó kàn mí ní ìsọ̀ onídìrí kan ní Mákùn, nígbà tí ọmọbìnrin tí màmá onídìrí ń di irun fún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Rọ́ṣíà, níbi tó ti kàwé.

"Pátílì làwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń pe irun mi, mà. Mo rò pé irun lásán ló túmọ̀ sí."

"Kí ló wá túmọ̀ sí?"

"Irun wúruwùru, bíi ti wèrè. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà. Màmá onílé mi ṣàìsàn, oògùn tí wọ́n ń lò sì mú kí gbogbo irun orí wọn re tán. Nígbà tó tún hù, inú mi dùn. Mo ní, 'Màmá, pátílì yín ti hù, ó mà dára o.' Wọ́n kàn fa ìborí bò ó. Látọjọ́ náà, wọn ò bá mi jẹun mọ́."

"O ò tọrọ àforíjì?"

"Kí ẹnìkan tó là mí lóye, wọ́n ti kú."

Onídìrí dáwọ́ dúró. "Ṣebí o sọ pé ó dára."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dà bíi yẹ̀yẹ́."