Ọkọ̀ Pupa Kékeré tí Mo Fi Àwàdà Pàdánù

Ẹni tí yóò fi irọ́ tàn mí jẹ ní ìlú Kumasi yìí, ìyá tí yóò bí ìyá rẹ̀ kò tíì dé ọjà tí yóò ti pàdé ọkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn láti ọdún pípẹ́, mo sì máa ń sọ ọ́ láì rẹ́rìn-ín, nítorí èmi kì í rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kí n máa tún iná ọkọ̀ ṣe ní Santasi, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń pè mí ní Wáyà. Iṣẹ́ ẹnu mi ni kí n máa fi ojú tó le bí ojú adájọ́ pa irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Mo lọ sí pólì, mo gba ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìwé náà sì wà nínú férémù lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni lẹ́tà kan wà, tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn mọ́ ògiri pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin. Bí mo bá gbójú sókè báyìí, òun ni mò ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ bí lẹ́tà náà ṣe dé ibẹ̀, nítorí mo ti gbé e sínú fún oṣù mẹ́rin, kò sì fẹ́ dà.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Dírẹ́bà ni bàbá mi fún òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá níléeṣẹ́ gẹdú níbí. Ọkọ̀ ńlá ilé iṣẹ́ ni bàbá mi ń wà, ṣùgbọ́n òyìnbó náà ní ọkọ̀ kékeré kan tó jẹ́ ti fàájì tirẹ̀, pupa bí ata rodo, ìjókòó méjì péré, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ó sì rẹlẹ̀ débi pé bí o bá na ọwọ́ jáde, o lè ṣa òkúta nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ yìí àfi òyìnbó. Bàbá mi ló ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Yóò fọ̀ ọ́, yóò fi aṣọ rírọ̀ nù ún, yóò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò gbé fìlà ara rẹ̀ lé orí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì tún mú un kúrò. Màmá mi, tí wọ́n mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun, máa ń gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀. Bàbá mi á ní, “Fìlà yẹn ń bá ọ mú àyè sílẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ìwọ ni wàá jókòó síbẹ̀, èmi ni n ó wà ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.” Bàbá mi kú láìwa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí màmá mi bá sọ ìtàn yìí, kì í sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàròyé, á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín yẹn ló ń gún mi lọ́kàn. Mo wá búra pé lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún rẹ̀, màmá mi yóò jókòó sínú ọkọ̀ pupa kékeré láti Santasi dé ìjọ wa ní Ashanti New Town, a ó sì gba ọjà Race Course kọjá pẹ̀lú òrùlé ní ṣíṣí, kí gbogbo ayé lè rí i.

Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún kí owó tó pé. Àbúrò mi Dàpọ̀ wà ní London, òun ló bá mi wá a. Ọkọ̀ àwọn ará Ítálì ni, ó ti dàgbà ju ọmọ mi àkọ́bí lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dá pé. Dàpọ̀ jókòó sínú rẹ̀, ó na fóònù síwájú, ó ya ara rẹ̀, ó sì fi àwòrán náà ránṣẹ́. Mo wo taya, mo wo iná, mo wo àwọ̀ rẹ̀, mo rí àbúrò mi nídìí sítíárìn lọ́wọ́ òsì gan-an bí ó ti yẹ. Ẹ mọ̀ pé ní Ghana, ọwọ́ òsì ni sítíárìn ọkọ̀ wa ń wà, òfin kò sì gba ọkọ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún láyè láti wọ ìlú. Dàpọ̀ pè mí, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa? Ṣé kò sí ìbéèrè?” Ìbéèrè kẹ̀? Ṣé èmi ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè nípa ọkọ̀? Mo ní, “Dàpọ̀, bí mo bá di ojú mi méjèèjì, mo ṣì rí ọkọ̀ ju ẹ̀yin tí ẹ lajú sílẹ̀ lọ. Fi ránṣẹ́.” Ó fi kọ́kọ́rọ́ kejì rán ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé màmá mi lọ́wọ́. Ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ibi tó máa ń so owó ọrẹ mọ́.

Mo kéde rẹ̀ ní ìjọ. Ìyàwó mi Àdúkẹ́, tó jẹ́ aránṣọ tí ahọ́n rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, bi mí pé, “Bàbá Kúnlé, ìjókòó méjì lẹ ní ó ní. Màmá kan, ẹ̀yin kan. Èmi ńkọ́?” Mo ní, “Ìwọ á wọ bọ́ọ̀sì tro-tro tẹ̀ lé wa, kí o lè máa rí wa láti ẹ̀yìn.” Ó ní, “Ei! Tro-tro paa! Ọlọ́run ń wò yín.” Ọlọ́run ń wò mí lóòótọ́.

Ẹni tó ń bá mi gba ọkọ̀ náà jáde ní èbúté Tema ni Ráfíù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Ilé kan náà ni wọ́n bí wa sí ní Ashanti New Town, iṣẹ́ gbígba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ló sì yàn láàyò. Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí mo ti fojú Ráfíù rí. Lọ́dún tó lọ sí Mẹ́kà, mo gbọ́ pé ó ti padà dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi sámúsámù mẹ́ta. Mo yí ohùn mi padà, mo pè é lórí fóònù bí ọ̀gá kan ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Mo ní òfin tuntun ti dé, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fótò páásípọ́ọ̀tù mẹ́ta, kí ó kọjú síwájú, kí wọ́n sì ṣí ìdérí rẹ̀, nítorí a kì í dé fìlà ya fótò páásípọ́ọ̀tù. Ẹ̀yin èèyàn mi, Alhaji Ráfíù gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán ní Race Course. Ayàwòrán gbé wọn lé àga lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú aṣọ funfun. Ìtàn yẹn ni mo fi ń jẹun ní gbogbo ibi ìkómọ. Ráfíù máa ń ní, “Wáyà, n ó san án fún ọ. Wallahi, n ó san án.”

Ẹ wá rí i báyìí. Ní oṣù mẹ́rin kí ọjọ́ ìdúpẹ́ tó pé, Ráfíù pè mí láti Tema. “Wáyà, ọkọ̀ ti dé o, ṣùgbọ́n wàhálà wà. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà.”

Nínú ikùn mi, mo ní, ọjọ́ ẹ̀san ti dé.

“Ṣé o ń gbọ́ mi? Wọn ò ní jẹ́ kó jáde. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí wọn kíákíá, kí wọ́n jẹ́ kí n dá a padà sọ́dọ̀ Dàpọ̀. Á tà á níbẹ̀, á ra ọlọ́wọ́ òsì. A ṣì lè bá ọjọ́ Màmá.”

Mo ní, “Ó dára. Ya sítíárìn náà ní fótò páásípọ́ọ̀tù mẹ́ta. Kí ó ṣí fìlà.”

“Wáyà, mi ò ṣeré! Wallahi tallahi!”

“Kẹ́ẹ̀gì náà búra bẹ́ẹ̀,” ni mo wí, mo sì pa fóònù.

Ó fi àwòrán ránṣẹ́. Mo wò ó, mo mi orí. Èmi tí mo lọ sí pólì! Ta ni kò mọ̀ pé fóònù lè yí àwòrán padà bí ti inú dígí? Mo ti rí tòótọ́ nínú àwòrán Dàpọ̀, mo ní Ráfíù ló yí tirẹ̀. Ó pè lẹ́ẹ̀mejìlá, n kò gbé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà kọ́sítọ́ọ̀mù dé ní orúkọ mi, pẹ̀lú òǹtẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lù, pẹ̀lú gbólóhùn kan tí wọ́n fa ìlà pupa sí nídìí, pé bí n kò bá fèsì títí di ọjọ́ báyìí-báyìí, ọkọ̀ náà di ti ìjọba. Kí n má purọ́, mo ní Ráfíù ló ṣe ayédèrú rẹ̀, mo sì yọ fìlà fún un. Mo fi ìka tẹ òǹtẹ̀ náà, mo gbóòórùn yíǹkì rẹ̀. Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi pé, “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́! Ọ̀rẹ́ mi ti dàgbà.” Mo wá ìṣó mẹ́rin, mo kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀rí mi. Gbogbo ẹni tó wọlé ni mo ń kà á fún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín.

Àdúkẹ́ ló gbé oúnjẹ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó dúró níwájú lẹ́tà náà, ó kà á láti òkè délẹ̀, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó gbé fóònù, ó pe London, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde. “Dàpọ̀, ọwọ́ wo ni sítíárìn ọkọ̀ yẹn wà?”

“Ọ̀tún ni, Àǹtí. Ṣebí London ni mo wà? Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ti rí i, àwọn ò ní ìbéèrè.”

Mo ṣí àwòrán àkọ́kọ́ tí Dàpọ̀ fi ránṣẹ́. Ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí láyà. Gbogbo lẹ́tà orúkọ náà ló yí padà sẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ka ìwé nínú dígí. Fóònù tirẹ̀ ló yí àwòrán padà. Ó ti wà níwájú mi láti oṣù mẹ́fà, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, n kò kà á, nítorí ọkọ̀ ni mò ń wò. Mo gbójú sókè wo ọjọ́ tí wọ́n fa ìlà pupa sí. Ó ti kọjá pẹ̀lú ọjọ́ méjì. Àdúkẹ́ ní, “Bàbá Kúnlé.” Ìbá sàn kó bú mi! Ó ṣí abọ́, ó bu oúnjẹ fún mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìdúpẹ́ ni mo tó lè sọ fún màmá mi. Nígbà tí mo wọlé, ó wà níwájú dígí, ó ń kọ́ bí a ṣe ń so ìborùn mọ́ ìsàlẹ̀ àgbọ̀n kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Ó tẹjú mọ́ mi, ó ń wá ibi tí àwàdà wà. Ta ló kọ́ Màmá láti máa wá a, bí kì í bá ṣe èmi? Ó ní, “Ṣé òótọ́ ni o rà á?” Mo ní, “Màmá, òótọ́ ni.” Ó ní kí n dìde.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù mi àtijọ́ ni mo fọ̀. Mo fọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀, mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún, mo ṣí ilẹ̀kùn. N kò mọ ìgbà tí mo bọ́ fìlà mi tí mo gbé e lé orí ìjókòó. Màmá mi jáde pẹ̀lú ìborùn tó so mọ́ àgbọ̀n, kọ́kọ́rọ́ Ítálì ní etí ìró rẹ̀. Ó gbé fìlà mi, ó dé e fún mi lórí, ó sì jókòó. Ó ní, “Bàbá rẹ fọ ti ẹlòmíràn. Ìwọ ra tìrẹ. Wa ọkọ̀, a ti pẹ́.” Mo sì wà á. Ẹ̀yin èèyàn, bí mo ti gba Race Course kọjá, n kò rò pé ọba kankan gbéra ga jù mí lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà ìjọ, wọ́n ti tò jọ, fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ pupa. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù yọ, ẹ̀rín bú! Pásítọ̀ di ikùn mú. “Bàbá Kúnlé! Gbogbo ìjọ lẹ kó jáde sínú oòrùn! Èyí ga ju ti kẹ́ẹ̀gì lọ!” Wọ́n ń gbá mi léjìká. Kò sí ẹnìkan tó gbà pé ọkọ̀ kan wà rí. Mo ṣí ẹnu láti sọ òótọ́, mo wo ojú wọn, mo tún pa á dé. Ojú mi tó le ni mo fi gbà á. Kí lẹ̀yin ìbá ṣe? Ẹni tó bá ń fi òótọ́ àti irọ́ jẹun nínú abọ́ kan náà, ọjọ́ tí òótọ́ bá fẹ́ gbà á là, kò ní dá a mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rẹ́ tó ń búra fún yín lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó pa fóònù. Ìbéèrè kò pa ọ̀jọ̀gbọ́n.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo pe Ráfíù. Mo ní kó foríjì mí, pé mo ti mọ̀ báyìí pé òótọ́ ló sọ. Ó yí ohùn rẹ̀ padà bí ti ọ̀gá. Ó wá ní, “Alàgbà, ẹ̀bẹ̀ yín ti dé ọ́fíìsì wa. Ó ku fótò páásípọ́ọ̀tù mẹ́ta.”

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ tro-tro lọ sí Race Course, mo wọlé tọ ayàwòrán yẹn gan-an. Mo jókòó níwájú aṣọ funfun, lórí àga tí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ti jókòó rí. Mo bọ́ fìlà mi.