Mi Ò Kúnlẹ̀ fún Bàbá Tó Wo Orúnkún Mi Sàn

Láti Ọjọ́bọ̀ tí fóònù yẹn ti dún ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ẹ má ṣàánú mi o, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Gbogbo Sunday ni mò ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ìjọ wa, títí kan àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kí n kúnlẹ̀ fún jù lọ ni mo sá fún. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi ni ọlọ́ṣà ọ̀hún.

Lithonia, ní òkè òkun níbí, ni mò ń gbé, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́. Ní bí ọdún méje sẹ́yìn, gbígbé aláìsàn ba orúnkún mi ọ̀tún jẹ́ débi pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn. Dókítà ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ní páàkì ìtòsí wa ni mo ti pàdé bàbá ará Ṣáínà kan tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní tai chi, ìyẹn ìjà ilẹ̀ wọn tí wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rìn nínú omi. Ó rí i pé mò ń tiro, ó ní kí n jókòó. Ó fi àtàǹpàkò wá ojú ibi tó ń dùn mí, ó fi òróró kan tó ń ta yẹ́ríyẹ́rí pa á, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró: kí n tẹ orúnkún díẹ̀, kí n na ọwọ́ bí ẹni gbá igbá ńlá mọ́ra, kí n máa mí. Ìdúró lásán! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, mo ti ń gun àtẹ̀gùn bí ọmọge. "Nurse" ni bàbá ń pè mí. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ ìjà náà àti ìtọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní agbára òun ti ń dín kù, òun fẹ́ kí n gba kíláàsì náà. Àṣà wọn ni pé ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì fún ọ̀gá, níwájú àwòrán olóògbé tó kọ́ ọ̀gá náà níṣẹ́. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìkúnlẹ̀? Mo gbà kíá. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún Aunty Bísí, olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa.

"Sister, ẹ fẹ́ kneel down fún picture òkú? Ah! God forbid o! Tí Pastor bá gbọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rù Pastor bà mí. Nígbà tí Sátidé tí bàbá dá fún ètò náà nílé rẹ̀ pé, mo pè é, mo ní wọ́n ní kí n wá ṣe double shift níbi iṣẹ́. Irọ́ ni! Inú mọ́tò ni mo wà, ní òdìkejì títì ilé rẹ̀. Mò ń wò ó lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ dúdú tó fi ń ṣọdún, fóònù wà létí rẹ̀.

"Kò burú, Nurse," ó ní. "Tí shift bá ti parí, kí o wá. Màá dúró dè ọ́."

Mo tan mọ́tò, mo gba ilé lọ. Ìtìjú ò jẹ́ kí n padà síbẹ̀ mọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó burú jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbà ìjọ ní nǹkan kan náà ní gbọ̀ngàn wa, mo pè é ní eré ìdárayá. Aunty Bísí tí kò lè gbé èjìká rẹ̀ sókè ló ń dúró níwájú pátápátá. Ọjọ́ tó gbé e sókè, ó jẹ́rìí: "Holy Spirit fúnra rẹ̀ ló kọ́ sister wa!" Ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà ṣe àmín.

Ọmọ bàbá tó ń gbé ní Douglasville ló pè mí ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní bàbá wà lọ́dọ̀ òun, kò lè dìde mọ́. Gbogbo Sátidé ló máa ń ní kí wọ́n se omi tíì, á wá béèrè bóyá shift Nurse ti parí.

Mo ti pinnu. Sátidé yìí, mò ń lọ. Jésù tí mò ń sìn mọ ìyàtọ̀ láàárín ìkíni àti ìbọ̀rìṣà. Tó bá di Sunday, màá sọ ẹni tó kọ́ mi fún gbogbo kíláàsì. Bí àwọn Pastor bá gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ mi, páàkì ò ní kọ́kọ́rọ́. Aunty Bísí náà lè dá èjìká tó sàn padà bó bá wù ú. Ìmọ̀ràn kan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ yín: tí bàbá bá bi mí bóyá shift ti parí, ṣé kí n jẹ́wọ́ pé kò sí shift kankan rí, àbí kí n jẹ́ kó mu tíì rẹ̀ ní àlàáfíà? Èyí tó wù kí ẹ sọ, orí ìkúnlẹ̀ ni màá ti dá a lóhùn, lórí orúnkún tó wò sàn.