Omi Tí N Kò Bù Sórí Búlọ́ọ̀kù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí lórí fóònù yín, ẹ kú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí a ti fi yàrá kún ilé ìyá mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sì sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé láàárọ̀ yìí. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ló yẹ kí èmi ti ṣe nígbà náà.

Olùkọ́ ni mí níléèwé girama kan ní Ẹ̀jìgbò. Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ilé alámọ̀ tí bàbá mi kọ́ ni ìyá mi ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ àti ṣáláńgá wà, àtẹ̀gùn tí èèyàn sì máa gbà dé ibẹ̀ ti jẹ létí. Orúnkún Màámi ti ń dùn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Abíjàn ní kí a fi yàrá kan àti balùwẹ̀ kún ilé náà, kí wọ́n má bàa máa jáde síta mọ́. Òun ló fowó ránṣẹ́, èmi ni mo dúró ti iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo la ń lé: kí yàrá náà parí kí òjò tó dé. Tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa bá ti rin, yíyọ̀ ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n pe bíríkìlà náà ní Jìmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ìlú Ìsúndúnrìn ló ti ń wá. Mo bi í pé báwo ni iṣẹ́ náà ṣe máa pẹ́ tó. Ó yí ilé ká, ó fọwọ́ gbá ògiri, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ká ní ilẹ̀ gbalasa ni, mi ò bá dá ọjọ́ fún yín. Ilé tí èèyàn ń gbé inú ẹ̀, tí ẹ ní kí á so tuntun mọ́, òun ló máa dá ọjọ́ fún wa."

"Ẹ má pòwe fún mi. Oṣù mélòó?"

"Tí ohun èlò bá wà nílẹ̀, tí ẹ ò sì yí ọkàn padà, bí oṣù méjì. Tí ẹ bá yí ọkàn padà, ẹ bi ara yín."

Kí n tó sọ tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ tirẹ̀, nítorí Jìmọ̀ kì í ṣe màláíkà. Ó gba iṣẹ́ mìíràn ní ìlú Másífà mọ́ tiwa, kò sì sọ fún mi. Tó bá ní òun ń bọ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ló máa yọjú. Ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ kan wọ́, ó ní ògiri àtijọ́ ló wọ́. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n, ògiri àtijọ́ ló wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kó sọ fún mi kó tó gbẹ́ ẹ. Kò rántí pé omi balùwẹ̀ máa ní ibi tó ń gbà jáde, àfi ìgbà tó mọ ògiri tán tó tún wá ń lu ú. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà sí i létí nígbà náà, n kò sì kó ìkankan jẹ nínú rẹ̀ lónìí. Èmi náà yí ojú fèrèsé padà, lẹ́yìn náà mo yí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yìnkùlé wa ló ti yọ búlọ́ọ̀kù, nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé a kì í fi búlọ́ọ̀kù tuntun sílẹ̀ fún oòrùn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la máa ń bomi rin ín títí yóò fi le. Jìmọ̀ ní òun máa fi ẹnì kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe é, kí á kàn máa fún un ní nǹkan díẹ̀. Mo ní rárá, èmi ni màá máa ṣe é.

"Ẹ̀yin, Àǹtí? Pẹ̀lú èékánná yìí?"

"Ṣé èékánná ni wọ́n fi ń fami ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó gbẹ. Ọyẹ́ ò mọ tíṣà o."

Mo bomi rin ín lọ́jọ́ kìíní. Mo ṣe é lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà omi kànga wa fà, ó di kí n máa lọ pọnmi nílé kejì. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ níléèwé. Tí mo bá ti iléèwé yà sílé Màámi, ó ti rẹ̀ mí. Mo máa ń dúró wo bí àwọn búlọ́ọ̀kù náà ṣe ń funfun, màá sì wọlé.

Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé kì í ṣe gbígbẹ ló ń mú sìmẹ́ǹtì le, pé omi ni. Mo ń kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn pé tí omi bá tètè tán lára rẹ̀, kò ní di ara rẹ̀ mú. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì wọlé lọ jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Jìmọ̀ máa padà wá, mo bu omi wọ́n àwọn tó wà níwájú. Ó dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀kan, ó tutù.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò mọ̀ pé ẹ lè ṣe é."

Mo ní ó ṣeun. N kò tíì fẹnu purọ́ nígbà yẹn, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ pa á.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri, búlọ́ọ̀kù ń fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Igun rẹ̀ ń rún bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀. Jìmọ̀ sọ kan kalẹ̀, ó wò mí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bomi rin nǹkan yìí?"

"Mo bomi rin ín. Ìwọ lo jẹ sìmẹ́ǹtì."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yíjú sí mi. N kò tíì fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò dúró síbẹ̀. Mo gbé búlọ́ọ̀kù kan sínú àpò, mo gbé e lọ síbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà. Mo fọwọ́ rún un sórí tábìlì wọn. Mo ṣàlàyé bí ẹni tó wà ní kíláàsì pé sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ kò tó. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn béèrè bóyá ó rí omi mu dáadáa.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, tíṣà kẹ́mísìrì ni mí. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ ohun tí omi ń ṣe ni?"

Kò sẹ́ni tó tún béèrè. Tí ẹ bá wo gbólóhùn yẹn dáadáa, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Òun ni mo rò pé ó burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe.

Jìmọ̀ tó wà níbẹ̀ fẹ́ búra, wọ́n ní kó má búra. Wọ́n ní kó lọ yọ búlọ́ọ̀kù mìíràn láti àpò ara rẹ̀, kó má bàa ba ẹgbẹ́ lórúkọ jẹ́. Ó ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti lọ síbi tí owó wà, òun nìkan ló ń pò ó, òun nìkan ló ń yọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń bomi rin ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́kọ́ máa rọ̀, ògiri kò tíì kọjá ojú fèrèsé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò náà, Màámi ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí wọn sì kán. Wọ́n ti tọ́jú wọn lọ́sibítù, wọ́n ti padà wálé, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn títí di òní.

Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ni mo sọ fún pé Jìmọ̀ ló fà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní "pasiyáńsì" lórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń sọ pé kéèyàn ní sùúrù ní Abíjàn. Mo ní olè kọ́ là ń ṣe sùúrù fún. Ọ̀rọ̀ náà dé Másífà, onílé ibẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé ìlú Àrá. Bíríkìlà mìíràn ló parí yàrá wa, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà náà, abẹ́ àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ni Jìmọ̀ ti ń ṣe lébìrà. Tí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ mi bá sì fẹ́ fẹ ilé rẹ̀ lójú, tó bi mí pé báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó, èsì mi kì í yí padà: ó kù sọ́wọ́ bí bíríkìlà rẹ bá ṣe jẹ́ olè tó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi ní àwọn fẹ́ kí a sọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà yàrá tuntun di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ọ̀pá wọn lè máa rí ibi tẹ̀. Wọ́n ní kí n pe Jìmọ̀.

"Màámi, kí ló dé tó jẹ́ òun?"

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn kò gbójú sókè. "Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi ni búlọ́ọ̀kù yẹn wà. Mo gbọ́ ìró omi lọ́jọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ?"

"Ọmọ mi ni ẹ́. Mo ní o máa sọ ọ́ fúnra rẹ. Mo ń dúró." Wọ́n ju òkúta kan nù kúrò nínú ẹ̀wà. "Èmi àti ìbàdí mi la jọ ń dúró."

Jìmọ̀ wá. Ó kí mi bí ẹni pé àná la ríra. Màámi ní, "Jìmọ̀, o mà ti gbẹ." Ó ní, "Ìyá, èmi tí mò ń ru búlọ́ọ̀kù fún ọmọ iṣẹ́ mi, ṣé kí n wá sanra ni?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì mọ́. Ó fọ irin iṣẹ́ rẹ̀, ó yíjú sí mi láti sọ ohun tí gbogbo bíríkìlà máa ń sọ fún onílé.

"Àǹtí, ẹ máa bomi rin..."

Ó wo Màámi, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀. Màá máa wá bomi rin ín fúnra mi."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń yà fún ihò tó ti já sí rí.

Láti ìgbà náà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń ti Ìsúndúnrìn wá. Mo bá wọn sùn síbí lánàá, mo sì ń gbọ́ ìró omi náà bí mo ṣe ń kọ èyí. Màámi náà ń gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Ohun tí màá sọ fún un, ó ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tí kò mọ̀ ni àwọn tó jókòó sídìí tábìlì tí mo ti rún búlọ́ọ̀kù, àti onílé Másífà, àti ẹ̀gbọ́n mi, àti gbogbo ẹni tí mo fi ẹnu mi bà á jẹ́ lójú wọn. Àwọn òbí ọmọ tí mo ń kọ́ wà nínú wọn. Tí mo bá bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, ó máa dárí jì mí, ìdáríjì yẹn á sì tún di ohun mìíràn tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá padà sí ìpàdé yẹn, n kò mọ ojú tí màá fi wọ kíláàsì.

Ìró omi ti dákẹ́. Ó ń so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ìrọ̀lẹ́ ló máa padà wá, ìrọ̀lẹ́ yìí náà sì ni òun àti àwọn bíríkìlà yòókù ń ṣèpàdé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dúró dè é níhìn-ín ni, àbí kí n lọ dúró dè é níbẹ̀?