"Ma Tu Idi Mangoro"

[Ìpè láti oko ìdílé kan lẹ́yìn ìlú Zaria sí ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní Sabon Gari. Àárọ̀ Sátidé, oṣù kẹfà. Fọlájìmí ló pe Motọ́lání, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.]

MOTỌ́LÁNÍ: Hẹ́lò? Jìmí?

FỌLÁJÌMÍ: Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ọjà. Ẹ kú—

MOTỌ́LÁNÍ: Káàárọ̀, káàárọ̀. Oníbàárà wà níwájú mi, sharp sharp. Ṣé ẹ ti débẹ̀?

FỌLÁJÌMÍ: A ti dé. A ti dé tipẹ́.

MOTỌ́LÁNÍ: Katakata ńkọ́? Ṣé kò já bọ́ lójú ọ̀nà? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá sí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi dè é mọ́ inú lọ́rì yẹn.

FỌLÁJÌMÍ: Kò já bọ́. Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin la lò, ẹyọ kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Kàbírù tún fi òkúta dí táyà. Ìgbà tí à ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nìkan ni pákó kan sán, ṣùgbọ́n—

MOTỌ́LÁNÍ: Pákó sán! Ṣé mi ò ní kí o wá irin?

FỌLÁJÌMÍ: Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ̀yìn ló fi sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lágbára, wallahi. Ilẹ̀ tí èèyàn mẹ́fà ń fi ọjọ́ mẹ́ta ro, ó ti tú u kí n tó mu kókó tán.

MOTỌ́LÁNÍ: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn?

FỌLÁJÌMÍ: A ti... a ti ṣe díẹ̀.

MOTỌ́LÁNÍ: Kí ló dé tí mi ò gbọ́ ìró ẹ̀?

FỌLÁJÌMÍ: Hẹ́lò? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì—

MOTỌ́LÁNÍ: Mo ní kí ló dé tí mi ò gbọ́ ìró katakata. Ṣé o gbọ́ mi?

FỌLÁJÌMÍ: Mo gbọ́ yín. Kàbírù ló pa á. Ó ń sinmi.

MOTỌ́LÁNÍ: Kàbírù? Kàbírù awakọ̀ tí mo mọ̀, tí kì í sinmi títí wọ́n á fi pe ìrun azahar lọ́sàn-án?

[Ohùn ọkùnrin kan lọ́ọ̀ọ́kán: "Oga, ni kam ba zan ci gaba ba!"]

MOTỌ́LÁNÍ: Kí ni kò ní ṣe mọ́? Jìmí, mo gbọ́ Hausa o.

FỌLÁJÌMÍ: Àǹtí, please, ẹ jókòó ná.

MOTỌ́LÁNÍ: Má ní kí n jókòó. Ta ló ṣèṣe? Ṣé ó dà lé e lórí ni?

FỌLÁJÌMÍ: Kò sẹ́ni tó ṣèṣe. A kàn rí nǹkan nínú ilẹ̀ ni.

MOTỌ́LÁNÍ: Kí lẹ rí?

FỌLÁJÌMÍ: Bàtà.

[Kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè lójú ọjà.]

FỌLÁJÌMÍ: Àǹtí? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MOTỌ́LÁNÍ: Hajiya, ki yi haƙuri, sai an jima. Mi ò tà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá.

[Ìró ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fà sílẹ̀.]

MOTỌ́LÁNÍ: Níbo?

FỌLÁJÌMÍ: Bàtà ọmọdé ni, tuntun, nínú lẹ́dà dúdú. Dísìkì tó ń tú ilẹ̀ ló ya lẹ́dà àkọ́kọ́. Kàbírù rò pé ejò ni. Ìgbà tó rí i pé bàtà ọmọ ni, tó tún rí òmíràn, tó tún rí òmíràn, ó bẹ́ sílẹ̀. Ó ní tsafi ni. Ó ní àwọn kan ti fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe oògùn síbẹ̀, òun ń lọ pe mai unguwa, baálẹ̀ wọn—

MOTỌ́LÁNÍ: Níbo, Jìmí?

FỌLÁJÌMÍ: —mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, torí tí ará abúlé bá kó ṣọ́bìrì dé, wọ́n á wa gbogbo ibẹ̀—

MOTỌ́LÁNÍ: Mo ní níbo lẹ ti rí i! Ṣé o gbọ́ mi?

FỌLÁJÌMÍ: Hẹ́lò? Ó ń já, Àǹtí, ó ń—

MOTỌ́LÁNÍ: Kò já. Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń mí.

FỌLÁJÌMÍ: ...Ìdí máńgòrò.

MOTỌ́LÁNÍ: Jésù.

FỌLÁJÌMÍ: Àǹtí mi—

MOTỌ́LÁNÍ: Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ! Àná! Mo ní má tú ìdí máńgòrò!

FỌLÁJÌMÍ: "Ma" lẹ kọ. M, a. Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀. Mo rò pé "máa tú" lẹ ní. Ẹ ṣáà mọ Yorùbá tèmi, Hausa ni mo fi dàgbà ládùúgbò—

MOTỌ́LÁNÍ: Má fi Hausa bojú.

FỌLÁJÌMÍ: Bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù nìyẹn. "Ma bo", "ma lo". Ta ló ń—

MOTỌ́LÁNÍ: Bàtà mélòó ló ti jáde?

FỌLÁJÌMÍ: Pair mẹ́sàn-án. Èyí tó kéré jù, nọ́ńbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èyí tó tóbi jù, márùndínlógójì. Sítíkà ṣọ́ọ̀bù yín wà lábẹ́ gbogbo wọn.

MOTỌ́LÁNÍ: Ì bá pé ọdún méjìlá lóṣù tó kọjá.

FỌLÁJÌMÍ: Inúolúwa.

MOTỌ́LÁNÍ: Hẹn. Ọdún mẹ́sàn-án, Jìmí. Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ ọmọ mi sí mi létí.

FỌLÁJÌMÍ: Bàbá ni wọ́n ní kí n má ṣe é. Wọ́n ní ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ ẹ̀ sí. Èmi àti Bàbá nìkan la lọ. Wọ́n ní kí n má fi òkúta kankan sàmì síbẹ̀, kí n má sì sọ fún yín láéláé. Àǹtí, ta ló sọ fún yín?

MOTỌ́LÁNÍ: Bàbá náà ni.

FỌLÁJÌMÍ: Bàbá?

MOTỌ́LÁNÍ: Wọn ò la ẹnu o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti lọ, inú oòrùn ni wọ́n máa ń jókòó sí jẹun lóko. Igi ńlá bẹ́ẹ̀, ibòòji rẹpẹtẹ, Bàbá ò jókòó sábẹ́ ẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó yé mi. Tí ọjọ́ ìbí ẹ̀ bá ti dé, màá ní mò ń lọ ká máńgòrò. Ṣé o rí máńgòrò kankan tí mo mú bọ̀ rí?

FỌLÁJÌMÍ: Ẹ máa ń ní kò tíì pọ́n.

MOTỌ́LÁNÍ: Ọkàn mi balẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí katakata ńlá tí à ń háyà ò lè wọ abẹ́ ẹ̀ka yẹn. Ìwọ lo ní ká ra kékeré. O ní ibi gbogbo ló máa wọ̀.

FỌLÁJÌMÍ: Mo ní bẹ́ẹ̀.

MOTỌ́LÁNÍ: Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. Tí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, o máa mọ̀ pé mo mọ̀.

[Ohùn Kàbírù, ó ní òun ń lọ: "Oga, zan tafi fa!"]

FỌLÁJÌMÍ: Kàbírù, don Allah, jira! ...Àǹtí, irọ́ ni mo pa.

MOTỌ́LÁNÍ: Irọ́ wo?

FỌLÁJÌMÍ: Ti "máa" yẹn. "Má" ni mo kà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí i, "má" ni mo kà. Mo ní ta ló sọ fún wọn? Mo wá rò ó pé tí mo bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa wá wo oko, ẹ máa rí i pé gbogbo ẹ̀ la tú àfi ìdí igi. Ẹ máa bi mí pé kí ló wà níbẹ̀ tí mo fi gbà láì bèèrè, mi ò sì ní mọ ohun tí màá wí. Mo bá tún un kà. Mo kà á, mo kà á, títí ó fi di "máa".

MOTỌ́LÁNÍ: Jìmí.

FỌLÁJÌMÍ: Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e lọ síbẹ̀. Òun náà ni mo nà sí ìdí igi fún Kàbírù, mo ní kó tú u pátá. Mo dúró, mo ń wò ó. I'm sorry. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi.

MOTỌ́LÁNÍ: [Ó ń sunkún.] Kí ni màá bú? Ìwọ mọ̀, o ò sọ. Èmi mọ̀, mi ò sọ. Gbogbo wa la dákẹ́ lé ọmọ náà lórí.

FỌLÁJÌMÍ: Kàbírù ti ń bọ́ sọ́nà, Àǹtí.

MOTỌ́LÁNÍ: Sọ fún un. Sọ ọ́ kí n gbọ́. Sọ fún un pé ọmọ mi ló wà níbẹ̀.

FỌLÁJÌMÍ: Kàbírù! Ba tsafi ba ne! Kabari ne! Kabarin 'yar yayata!

[Ohùn Kàbírù, ó ti rẹlẹ̀, ó ń tọrọ àánú fún òkú: "Subhanallahi. Allah ya jiƙanta."]

MOTỌ́LÁNÍ: Àmín. Kí ló ń ṣe?

FỌLÁJÌMÍ: Ó ti padà. Ó ń ṣa àwọn bàtà jọ. Ó ń fi aṣọ ọrùn ẹ̀ nu erùpẹ̀ ara wọn.

MOTỌ́LÁNÍ: Kó má dà wọ́n pọ̀ o. Kó so wọ́n ní méjì méjì.

FỌLÁJÌMÍ: Màá sọ fún un.

MOTỌ́LÁNÍ: Jìmí, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi ẹ́.

FỌLÁJÌMÍ: Ẹ bi mí.

MOTỌ́LÁNÍ: Igi ni mo mọ̀. Mi ò mọ apá ibi tó wà. Apá ọ̀dọ̀ kànga ni mo ń ri bàtà mọ́ lọ́dọọdún, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣé ibẹ̀ ni?

[Ariwo ṣááá lórí ìlà.]

MOTỌ́LÁNÍ: Ṣé o gbọ́ mi? Má tún dárúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún mi. Ṣé ibẹ̀ lọmọ mi wà?

FỌLÁJÌMÍ: Mo gbọ́ yín. Mo gbọ́ yín ketekete. Àǹtí, kì í ṣe ibẹ̀.

MOTỌ́LÁNÍ: Hẹ́lò? Kí lo wí? Ohùn ẹ ń—

FỌLÁJÌMÍ: Kì í ṣe apá kànga! Apá ibi tí oòrùn ti ń yọ ni! Katakata ò tíì débẹ̀! Ó ku poro kan péré, bàtà yín ló dá a dúró!

MOTỌ́LÁNÍ: Jìmí, má ṣe báyìí sí mi. Má dákẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án.

FỌLÁJÌMÍ: Mi ò dákẹ́! Mò ń pariwo! Apá ìlà-oòrùn, Àǹtí! Kò sí nǹkan tó kàn án! Orí ẹ̀ kọjú sí—

MOTỌ́LÁNÍ: Ṣé o gbọ́ mi? Jìmí? Ṣé o—

[Ìpè já.]