Ta Ló Ni Ọwọ́ Ara Ògiri?

Bàbá, ẹ gbé ife yẹn kalẹ̀ ná. Ẹ̀yin tí ẹ wá kí wọn, ẹ má tíì lọ. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí. Ọ̀rọ̀ kan ti ń ta mí nínú láti ọjọ́ tí èmi àti Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi, ti ìrìn àjò dé, bí mi ò bá sì sọ ọ́ lónìí, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, màá gbé e mì. Àǹtí tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná yẹn mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn ò ní bá mi sọ ọ́, pé ẹnu èmi fúnra mi ni kó ti jáde.

Bàbá, ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọwọ́ yín ṣì wà lára ògiri ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ tiẹ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó wá ka mítà iná, ẹ sọ ọ́ títí ó fi gbàgbé ohun tó wá kà. Bí inú yín ṣe ń dùn tó yẹn gan-an ni àyà mi ṣe ń já tó.

Kí àwọn àlejò lè bá wa lọ: ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ṣì wà nígbà tí Bàbá lọ síbi iṣẹ́ bíríkìlà ní àwọn ìlú àtijọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń tún ògiri ìlú wọn ṣe. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n lò. Aráyé bá ní obìnrin ló gbà wọ́n sílé níbẹ̀. Àǹtí fi ilé ìwé sílẹ̀ láti máa gbé mi jó kí ìyá wa lè ráyè ṣiṣẹ́, inú sì ń bí wọn. Bàbá, nígbà tí ẹ dé, ìka àárín yín ti gé, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó gé e. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó Àǹtí ni wọn ò ti fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́.

Nígbà tí àìsàn gbé yín dè lọ́dún tó kọjá, ẹ ní ohun kan ṣoṣo lẹ̀ ń fẹ́: kí ọmọbìnrin yín wá jókòó tì yín. Ẹ ní kí n sọ fún wọn pé lábẹ́ ẹnubodè ìlú kọ̀ọ̀kan, níbi tí òjò ò dé, ẹ tẹ ọwọ́ yín mọ́ ẹfun tútù. Àǹtí dá mi lóhùn pé, “Ó dáa. Tí mo bá rí i, màá wá. Tí mi ò bá rí i, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ bàbá yẹn sí mi létí mọ́.”

Mo bá kọ́kọ́ dá lọ. Ẹ bi mí pé kí ni mo ń wá lọ! Torí pé mi ò gbà yín gbọ́ ni. Ní ìlú àkọ́kọ́, wọ́n ti rẹ́ abẹ́ ẹnubodè, ó ń dán bí àwo. Mo ní, ẹ ò rí nǹkan, irọ́ ni bàbá yìí ń pa. Àmọ́ kí Àǹtí ṣáà lè wá, mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo gbé garawa, ọ̀sán gangan. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá!” Ó tún bá mi di àkàbà mú, olóòótọ́ èèyàn. Mo ha ojú kan, mo po ẹfun sí i, mo ká ìka àárín mi kò, mo tẹ̀ ẹ́. Ní ìlú kejì, wọ́n ti rẹ́ tibẹ̀ náà, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìkẹta, obìnrin ló ń ṣọ́ ẹnubodè. Ó ní, “Ìwé àṣẹ dà?” Mo ní ó wà nílé. Ó ní, “Ó yá, lọ bá a nílé.”

Nígbà tí mo wá mú Àǹtí lọ sí ìlú àkọ́kọ́, afinimọ̀nà kan ti kó àwọn àlejò jọ sábẹ́ ọwọ́ mi. Ó ní, “Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn! Ọba ló gé ìka ọ̀gá mọlémọlé yìí, kó má baà mọ irú ògiri yìí fún ìlú míì!” Àwọn èèyàn ń ṣe hàà. Ìyá kan ń nu ojú. Èmi ń wo bàtà mi. Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọba wo? Ọwọ́ bàbá mi nìyẹn!” Bàbá mi, wọ́n pè yín bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé olè ni mí.

Àmọ́ ní ìlú kejì, wọ́n fara mọ́ ọn, wọ́n ní, “Ẹfun yìí mà mọ́ jù. Ìwọ, ṣé o fọwọ́ kan nǹkan níbí?” Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n búra. Bàbá, ẹ̀mí yín ni mo fi búra. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn! Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìyẹn ló burú jù.

A dé ìkẹta. Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa. Àǹtí tọrọ àyè lọ́wọ́ obìnrin yẹn pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó sì gbé àkàbà fún wọn. Wọ́n gùn ún. Wọ́n pariwo! Ọwọ́ wà níbẹ̀, nínú kọ̀rọ̀, eruku ti bò ó. Ọmọńdinrín rẹ̀ wọ́ sínú, bíi ti Àǹtí gẹ́lẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ tiwọn lé e, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Lójijì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka rẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

“Àbúrò mi, ṣé ìka máa ń hù ni?”

“Ẹ̀n?”

“Níbí, ìka márùn-ún ló pé. Ní ìlú méjì tó ṣáájú, àárín gé, ọmọńdinrín sì gún gbọọrọ. Ọwọ́ ta nìyẹn?”

Mi ò mọ̀ rárá pé ọjọ́ tí ẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti máa bọ̀ nílé ni òkúta jábọ́ lé ìka yín níbẹ̀. Mi ò béèrè rí láyé mi, àfi ìgbà tí a darí dé tí ẹ sọ ọ́ fún mi. Àǹtí ní, “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ dì í! Òun ló rán ẹ!” Wọ́n fa báàgì wọn, ó di ibùdókọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín títì. Mo ní, “Bàbá ò mọ nǹkan kan! Èmi ni. Èmi náà gbà pé obìnrin ni wọ́n tẹ̀ lé lọ!”

Wọ́n dúró. Wọ́n ní, “Áà, ìwọ wá ni ọba gé ìka ẹ?” Ẹ̀rín bá gbé wọn jókòó lórí báàgì.

Mo ti jẹ́wọ́ fáwọn tó ń tọ́jú ògiri. Wọ́n ní kí n wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Afinimọ̀nà yẹn nìkan ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, tí ohun tí bàbá yín sọ bá ń rú yín lójú, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì lè dáhùn. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Bàbá, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ tiyín. Mo ti pè yín ní òpùrọ́ nínú ikùn mi láti kékeré, mo tún lọ fọwọ́ ara mi parọ́ mọ́ yín. Ẹ foríjì mí. Tí ẹ bá fẹ́ gbá mi létí, etí nìyí.

Kí lẹ wí? Ta ló rí ẹyọ kan yẹn? Kì í ṣe èmi o! Àǹtí ni. Ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i.

Àǹtí, ẹ fi ìkòkò yẹn sílẹ̀. Bàbá ní kí ẹ wá jókòó ti àwọn, kí ẹ sọ bó ṣe rí.